Nígbà Tí Àwọn Sìlíńdà Wa Wọnú Fóònù

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹfà

Ọ̀gá pe gbogbo wa jọ sí àgbàlá láàárọ̀ yìí kí mọ́tò kankan tó jáde. Ó ní sìlíńdà ọ́síjìn igba ó lé mẹ́rìnlá ló sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ilé ìwòsàn tí wọ́n wà. Ó ní bí a bá ń bá a lọ báyìí, ilé iṣẹ́ tí bàbá òun fi sílẹ̀ yóò wó lé òun lórí. Láti oṣù yìí lọ, inú fóònù ni gbogbo iṣẹ́ wa yóò máa gbà.

Ó wá mú ọmọbìnrin kan jáde, kò lè ju àwọn ìbejì mi lọ lọ́jọ́ orí, ó ní òun ni yóò tọ́ wa sọ́nà. Àwọn dírẹ́bà ti sọ ọ́ ní Kọ̀ǹpútà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ọmọ náà ní ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a kò ní dátà. Mo ní èmi ra dátà lánàá, ó ṣì kù díẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rà sórí fóònù, àkọsílẹ̀ lòun ń wí: ohun tó jáde, ibi tó lọ, ọjọ́ tó padà. Mo ní ìyẹn ni mo ti ń kọ sínú rẹ́jísítà sítọ̀ láti ọdún méjìlélógún.

Ó ní, "Òun gan-an ni, Ìyá. Iṣẹ́ yín ni mo wá kọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Síbẹ̀ ó gba rẹ́jísítà lọ. Ọwọ́ tó ti mọ́ ìwé kíkọ lára kò lè ṣàdédé jókòó, ni mo bá ra ìwé olójú-ewé ọgọ́ta yìí nígbà tí mò ń bọ̀ wálé. Bí wọn kò bá jẹ́ kí n kọ sìlíńdà mọ́, n ó máa kọ ara mi.

Ìṣẹ́gun, 3

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bébà kékeré tó ní ìlà dúdú wẹ́wẹ́ la fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọrùn sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, kí fóònù lè máa dá a mọ̀. Sìlíńdà ẹgbẹ̀sán ó lé ọgọ́ta. A lẹ ogóje. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti ṣí dànù. Ẹnì kan ní ká fi kẹrosíìnì nu ọrùn wọn. Mo ní ta ló fẹ́ sun wá lóòyẹ̀? Ohun olóróró kì í sún mọ́ ọ́síjìn. Mo po omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fọ ọ̀kan, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo ní kí Kọ̀ǹpútà lẹ ẹ́, kó sì fi èékánná gbìyànjú láti ṣí i. Kò ṣí. Ọmọ náà dì mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn.

Ẹtì, 6

Àtàǹpàkò mi tóbi ju bọ́tìnnì fóònù lọ. Mo tẹ "ó jáde", fóònù ní "ó padà". Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Kọ̀ǹpútà jókòó tì mí, kò mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, ó ní kí n kọ́ òun bí mo ṣe ń fi òkúta kékeré lu sìlíńdà, tí mo sì ń gbọ́ ọ létí bóyá ó kún tàbí ó ṣófo. Mo kọ́ ọ. A san gbèsè ara wa tán.

Ẹyin tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́rú, 11

Ọjọ́ àwọn dírẹ́bà. Mẹ́rin ni wọ́n. Àgbà wọn ni Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, tó ń wa mọ́tò kẹrin. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe kò ju pé tí wọ́n bá ti já sìlíńdà sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n na fóònù sí àmì rẹ̀ níbẹ̀, kí ọ́fíìsì lè mọ̀. Kúkúrú tó ń wa mọ́tò kejì ń làágùn bí ẹni tó ń gun òkè. Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ń yan kiri inú sítọ̀ bíi pé èmi ni mo bí i.

Nílé, mo bi í pé báwo ló ṣe tètè mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Fóònù kò lè le ju mọ́tò lọ."

Ọjọ́ Ajé, 16

A bẹ̀rẹ̀ lónìí. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì Ọ̀gá, gbogbo ilé ìwòsàn tí à ń gbé ọ́síjìn fún wà lórí ẹ̀, nọ́ńbà sìlíńdà tó wà lọ́wọ́ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Bí mọ́tò bá ti já ẹrù, nọ́ńbà á yí padà. Ọ̀gá dúró síwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, kò jẹun ọ̀sán.

Ẹtì, 20

Ohun tí a ń wá ti ń fojú hàn. Fóònù sọ pé ọsibítù ńlá ọ̀nà ibùdókọ̀ ti gba sìlíńdà púpọ̀ ju èyí tó dá padà lọ. Kọ̀ǹpútà àti Kúkúrú lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹ́tàdínlógójì tiwa ló tò sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn, adìyẹ ti ń sùn lé wọn lórí. Ọ̀gá ra búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo wa. Kúkúrú ní kí wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí adìyẹ tó bá wa ṣọ́ wọn.

Ìṣẹ́gun, 24

Bàtà mi ṣì kún fún ẹrẹ̀ bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Agogo mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì ilé ìgbẹ̀bí orí òkè pè. Ó ní sìlíńdà kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ òun, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ló sì wà lórí ẹ̀. Kọ̀ǹpútà wo ògiri, ó ní, "Àmọ́ mẹ́sàn-án lẹ ní, Mà. Mẹ́jọ dé ọ̀dọ̀ yín lánàá."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, tí ẹni tó ń fojú ara ẹ̀ wò ó bá ní ọ̀kan ni, ọ̀kan ni."

Mọ́tò Kúkúrú nìkan ló wà nílẹ̀. A kó mẹ́fà sí i, mo wọlé tì í nítorí mi ò lè jókòó. Òjò ti sọ ọ̀nà òkè di ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni táyà yọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Kúkúrú ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó. Nígbà tí a dé, ọwọ́ aago orí sìlíńdà wọn ti wọnú àwọ̀ pupa. Mo rí ọmọ náà. Kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi pààrọ̀ sìlíńdà tán.

Nígbà tí a padà, Kọ̀ǹpútà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú sítọ̀ mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á." Mo ní kò pa á. Mo ní kó dìde, kó bọ́jú.

Ọjọ́rú, 25

Ọ̀gá ní ẹni tó fi irọ́ sínú ẹ̀rọ, kó máa lọ sílé ẹ̀. Kò pariwo. Kí Ọ̀gá má pariwo, ìyẹn gan-an ló ń bani lẹ́rù.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Kọ̀ǹpútà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣí ojú ìwé kan hàn mí. Gbogbo ẹrù mọ́tò kẹrin, láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, ni fóònù sọ pé ó ti dé ilé ìwòsàn ní agogo mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú àárọ̀. Ilé ìwòsàn mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Inú àgbàlá wa ni mọ́tò sì wà nígbà náà.

Mọ́tò kẹrin. Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ní, "Mi ò tíì fi han Ọ̀gá, Ìyá."

Mo ní, "Fún mi di àárọ̀ ọ̀la."

Bàbá Ìbejì jẹun tán nírọ̀lẹ́, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé àga mi lọ síbẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ fún fóònù pé ẹ ti já ẹrù kí ẹ tó jáde ní géètì?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fóònù náà ni."

"Fóònù máa ń ṣòfófó?"

"Ó máa ń ṣe é."

Ó ń fi ọwọ́ nu orúnkún rẹ̀ bíi pé nǹkan dà sí i. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mi ò rí i."

"Kí lẹ ò rí?"

"Ojú fóònù. Tí oòrùn bá ti là, kò sí ohun tí mò ń rí lórí ẹ̀. Abẹ́ iná àgbàlá nìkan ni mo ti ń rí i díẹ̀. Ni mo bá ń parí gbogbo ẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bẹ̀ mí ní ilé àwọn arúgbó, ọ́síjìn wọn ti tán, mo já mẹ́jọ ti orí òkè fún wọn. Mo ní n ó gbé òmíì lọ sí òkè lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ̀ pé ọmọ kan wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ọ̀nà ńkọ́?"

"Mo mọ ọ̀nà."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ mọ̀ ọ́n. Mo ní, ṣé ẹ ń rí i?"

"Mò ń rí apá ọ̀tún. Apá òsì dà bíi pé ẹnì kan fa aṣọ bò ó. Ó ti tó ọdún kan."

Ọdún kan. A jọ ń sùn, a jọ ń jí. Mo ti ń bá a jà pé ó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, pé ó ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Inú bí mi débi pé mo dìde, mo wọlé, mo sì tún jáde. Mo ní tó bá jẹ́ pé ó pa ọmọ ọlọ́mọ lójú títì ńkọ́? Ó ní òun náà ti ń rò ó, òun kì í sáré mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé bàbá arúgbó ni kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ tẹ̀ síwájú.

"Báwo lẹ ṣe wá kọ́kọ́ mọ fóònù ju gbogbo wọn lọ?"

"Ariwo ẹ̀ ni mo há sórí. Tó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó gbà. Tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un ṣe."

Ẹkún ni mò ń sun, ẹ̀rín sì gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Òun náà rẹ́rìn-ín. A jókòó bẹ́ẹ̀, a ń ṣe bí aṣiwèrè méjì.

Ọjọ́bọ̀, 26

Àwa méjèèjì la wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá. Bàbá Ìbejì fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kẹrin lé orí tábìlì, ó sọ gbogbo ẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀gá wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀. Bàbá Ìbejì ló kọ́ Ọ̀gá yìí ní mọ́tò, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tó bíréèkì dáadáa.

Kí Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀, Kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Sà, ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Inú ọ́fíìsì ni mo ti dán gbogbo nǹkan wò. Mi ò gbé fóònù yẹn jáde sínú oòrùn rí, mi ò sì bi dírẹ́bà kankan pé kí ló ń rí."

Ọ̀gá ní, "Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ibi tí a ò wò." Ó wá kọjú sí Bàbá Ìbejì. "Ẹ ṣe ohun tí kò dáa. Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́la. Ilé iṣẹ́ ló máa sanwó."

Ẹtì, 27

Dókítà ní omi inú ojú ló ń fún iṣan ojú pa díẹ̀díẹ̀, kì í dunni, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. Ojú òsì ti lọ jìnnà. Ojú ọ̀tún ṣì ku ju ìdajì lọ. Èyí tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ oògùn tí à ń kán sí i lè mú èyí tó kù dúró. Kó má wa mọ́tò mọ́.

Bàbá Ìbejì ní, "Títí láé?"

Dókítà ní, "Títí láé, Bàbá."

A rìn dé ibùdókọ̀. Ó di apá mi mú ní ẹ̀gbẹ́ òsì tí kì í rí, ohun tí kò ṣe rí lójú títì láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo ṣàkíyèsí.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Oògùn ojú, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọkùnrin tó gbé lọ́rì gba inú àgbàrá kọjá ń sá fún ẹ̀kán omi kan. Mo ní kó wòkè, ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga. Ọ̀kan bọ́ sí imú, ọ̀kan bọ́ sí ojú. A gbà á bẹ́ẹ̀.

Kò jáde nílé láti ọjọ́ Ẹtì. Ó gbá yàrá lẹ́ẹ̀mẹta lónìí.

Ẹtì, 4

Kọ̀ǹpútà wá sílé wa, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀nà fún mọ́tò ń ní kí wọ́n gba orí afárá, omi sì ti bo afárá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé Bàbá lè ran òun lọ́wọ́?

Mo rò pé ọmọ náà wá tu ọkọ mi nínú ni. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta kọjá, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló bá wá. Bàbá Ìbejì ń sọ, ọmọ náà ń kọ. Ọsibítù tí géètì rẹ̀ kì í ṣí títí di agogo mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì tí yóò ní méjì ló kù, tó sì tọ́jú mẹ́rin sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ilé àwọn arúgbó tí ọ́síjìn ń tán kíákíá bí òtútù bá ti wọlé, nítorí àyà wọn kì í gba òtútù. Ilé ìgbẹ̀bí orí òkè tí aboyún máa ń kún níparí oṣù. Kọ̀ǹpútà ní, "Bàbá, kò sí èyí kankan nínú dátà wa."

Ó ní, "Ṣé o bi mí ni?"

Ọmọ náà sọ orí kọ́. Ni Bàbá Ìbejì bá ní kí n gbé oúnjẹ fún un, àti pé tó bá jẹun tán, òun kò tíì sọ ti ọ̀nà ìlà oòrùn.

Àìkú, 6

Àwọn ìbejì pè. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ń fi fóònù sunkún sí bàbá wọn létí, ó ní kí wọ́n má ba fóònù òun jẹ́, iṣẹ́ ni òun ń fi ṣe.

Ọjọ́rú, 9

Kọ̀ǹpútà ti tún fóònù àwọn dírẹ́bà ṣe. Lẹ́tà ti tóbi, funfun lórí dúdú, fóònù sì ń ka nọ́ńbà sókè. Kò sì gbà mọ́ pé kí a já ẹrù sílé ìwòsàn tí mọ́tò kò tíì dé. Ó ní kí olúkúlùkù jáde sínú oòrùn, kó sọ ohun tó ń rí.

Kúkúrú wo tiẹ̀ títí. Ó ní, "Háà, orúkọ ilé ìwòsàn ló máa ń wà lókè yìí?" Òun náà kò tíì kà á rí. Ó ti ń fi àwọ̀ ṣe é látẹ̀yìnwá. Ẹnì kẹta ní òun náà. A ti rò pé ẹnì kan ló ní ìṣòro.

Ọjọ́bọ̀, 17

Ẹ̀rọ sọ lọ́jọ́ Ajé pé ọ́síjìn orí òkè yóò tán lónìí. A gbé mẹ́wàá lọ níjẹta. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì pè láàárọ̀ yìí, ó ní aboyún mẹ́fà ló wọlé lánàá, ta ló sọ fún wa? Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní kí n kí i, pé ọmọ ọjọ́sí ti lọ sílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Bàbá Ìbejì. Ó ní kó máa bọ̀ ní ọ́fíìsì, kó jókòó ti ẹ̀rọ, kó máa yan ọ̀nà àti ẹrù fún gbogbo mọ́tò. Mo wà níbẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

Ó ní, "Ọ̀gá, bó bá jẹ́ àánú ni, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé."

Ọ̀gá fi ọwọ́ pe Kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà ṣí ojú ìwé kan, ó kà á sókè kó má bàa di pé Bàbá ní láti fojú wá a. Lóṣù tó kọjá, ìpè pàjáwìrì mẹ́tàlá: ilé ìwòsàn mẹ́tàlá tí ọ́síjìn fẹ́ tán mọ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí a ti fi ohun tí Bàbá sọ sínú ẹ̀rọ, ìpè kan ṣoṣo.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe àánú, Bàbá. Àkọsílẹ̀ ni."

Bàbá Ìbejì bi í pé kí ló fa ẹyọ kan yẹn. Ó ní mọ́tò kẹta ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Bàbá ní, "Mo sọ fún yín pé kẹ́ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì mọ́tò yẹn." Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì lè dáwọ́ dúró. Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 21

Oòrùn lónìí, díẹ̀. Owó búrẹ́dì tún lé sí i.

Ọdún méjìlélógún ni a ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan náà, a kò jọ jáde nílé rí. Agogo márùn-ún ni òun ń lọ gbé mọ́tò, agogo méje ni èmi ń wọ bọ́ọ̀sì. Lónìí, a jọ ti ilẹ̀kùn pa. Ó wọ ẹ̀wù funfun tó ti ń fi pamọ́, mo bá a to bọ́tìnnì rẹ̀ nítorí ó ti fo ọ̀kan. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ní ibi tí ojú ọ̀tún rẹ̀ yóò ti rí ìta. Ó ń sọ fún mi pé kòtò wà níwájú, kí n di àga mú. Bọ́ọ̀sì sì kó sí kòtò náà. Ó ní ìkejì ń bọ̀ lẹ́yìn ilé epo. Ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, kòtò kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń fi ilé rẹ̀ han àlejò.

Mi ò tíì mọ ọ̀nà yẹn rí. Mo gbé orí lé èjìká rẹ̀, mo ní kó máa sọ ọ́ lọ.